Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan ní tẹ́ẹ̀mù kejì ọdún tó kọjá, ìró kan dún "pàá!" lẹ́yìn yàrá ìwádìí Físíìsì ilé-ìwé wa. Èéfín funfun rú jáde lára ọkọ̀ kékeré tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ JETS pagbo yí ká. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn ẹja tó jóná mọ́ ìkòkò. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ₦44,000 ti di eérú. Owó náà kì í ṣe tèmi nìkan. Àwa mọ́kànlá la dá a, ₦4,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èmi ni wọ́n sì ní kí n yan ohun tí a máa fi rà.

Ọwọ́ mi ni rìmóòtù wà. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, mo ti sọ̀rọ̀: "Féèkì ni wọ́n tà fún wa."

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni. Ohun tó tẹ̀lé wọn ló mú kí n kọ àròkọ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba ló gbé ọkọ̀ náà wá fún ẹgbẹ́ wa nígbà tí wọ́n wálé fún ọdún Kérésìmesì. Kì í ṣe irú ọkọ̀ ìṣeré tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì ń gbé rìn. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ọkọ̀ gidi ni. Ó gùn tó nǹkan bí ìdajì mítà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń fà á, ó sì ní sípíríǹgì lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹ́ńjìnnì oníná ló wà nínú rẹ̀, wáyà mẹ́ta ló jáde lára ẹ́ńjìnnì náà. Bátìrì méjì ló bá a wá. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó wà láàárín bátìrì àti ẹ́ńjìnnì ti jóná, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ máa wá ìyẹn fúnra yín. Ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́gbọ́n." Wọn ò parọ́.

Speed controller ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìjánu ni àwa ń pè é nínú ẹgbẹ́, nítorí iṣẹ́ tí ìjánu ń ṣe lẹ́nu ẹṣin ló ń ṣe. Agbára wà lára ẹṣin, ṣùgbọ́n ìjánu ló ń sọ ìwọ̀n tí ẹṣin máa lò. Bí a bá tẹ rìmóòtù, ìjánu á máa ṣí ọ̀nà fún iná inú bátìrì, á sì tún máa dí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkókò tí ọ̀nà fi ń ṣí bá pọ̀, ọkọ̀ á sáré. Bí àkókò tó fi ń dí bá pọ̀, ọkọ̀ á rọra. Ìjánu yìí kan náà ló ń pín iná sí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òòfà inú ẹ́ńjìnnì lè máa lé iná kiri bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ti béèrè ìdí tí a kò fi lo bátìrì kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Olùkọ́ Físíìsì wa dá a lóhùn lórí pátákó. Wáàtì ni à ń fi ka agbára tí ẹ́ńjìnnì ń lò, a sì ń rí i bí a bá sọ fóltì di púpọ̀ pẹ̀lú áḿpù. Bí ọkọ̀ bá nílò 1,500 wáàtì, tí bátìrì sì jẹ́ 12.5 fóltì, 120 áḿpù ló gbọ́dọ̀ gba inú wáyà kọjá. Bí fóltì bá di 25, 60 áḿpù ti tó. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n áḿpù ló ń mú wáyà gbóná. Bí áḿpù bá dín sí ìdajì, ooru inú wáyà á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí iná mànàmáná fi ń gba orí òpó ńláńlá kọjá nínú igbó ní 330,000 fóltì, tí wọ́n á wá máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí 132,000, sí 33,000, sí 11,000, títí táńsífọ́mà àdúgbò á fi sọ ọ́ di èyí tí fáànù ilé wa lè gbà. Ìdí yẹn náà ni ínfátà kékeré fi ń lo bátìrì 12 fóltì, tí àwọn ńlá ń lo 24 tàbí 48. Fóltì gíga kì í ṣe ohun fáàrí. Ó ń jẹ́ kí wáyà tí kò nípọn ṣe iṣẹ́ ńlá láì gbóná jù. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ lè gbà á. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ ẹ̀.

Mo gbọ́ gbogbo èyí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Bátìrì lítíọ́mù ni tiwa. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá so méjèèjì tẹ̀léra, orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì bí bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni wọ́n jẹ́, èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pè ní 6S. 3.7 fóltì ni wọ́n máa ń kà fún sẹ́ẹ̀lì kan. Mo fi mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 22.2.

Mo kọ ìjánu mẹ́ta sínú ìwé mi. Àkọ́kọ́ kò lè gbà ju sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lọ, mo fagi lé e. Ìkẹta lè gba sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, ó sì lè gba 150 áḿpù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ₦150,000 lọ. Ìkejì ni ojú mi wà lára rẹ̀. ₦44,000 ni wọ́n ń tà á, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé kò gbọdọ̀ ju 24 fóltì lọ. Mo wo 24, mo wo 22.2, inú mi dùn. Lójú mi, àyè ṣì kù.

Olùkọ́ wa ń lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan nígbà yẹn. Wọ́n ní kí n dúró di ìgbà tí àwọn bá dé kí a tó rà á. Mi ò dúró. Ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa ti sún mọ́lé, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ ti máa sáré kí wọ́n tó padà dé. Nígbà tí mo ka ìṣirò mi sí etí ẹgbẹ́, ọmọkùnrin SS1 kan nawọ́ sókè. Gbogbo wa mọ̀ pé owó ọkọ̀ rẹ̀ ló fi ń pamọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó rí ₦4,000 tirẹ̀ kó jọ. Ó ní, "Sẹ́níọ̀, ṣé 3.7 yẹn ni bátìrì máa ń wà nígbà gbogbo? Àní nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún?"

Mo ní, "Ohun tí wọ́n kọ sí i lára nìyẹn. Àbí o fẹ́ kọ́ àwọn tó ṣe é ni?"

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Èkó ló bá wa ra ìjánu náà ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí wa ní Ìbàdàn. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo fi iná sí bátìrì méjèèjì. Ṣájà fi hàn mí pé ó ti kún: 12.60 ni ó kọ fún ọ̀kan, 12.60 fún èkejì. Mo rí i. Mi ò dá a pọ̀ lórí. Bátìrì kan wà lápá ọ̀tún ọkọ̀, èkejì lápá òsì, wáyà ìjánu kò sì dé ibẹ̀, nítorí náà a jó wáyà mìíràn mọ́ ọn títí ó fi gùn tó apá mi. A so ó, ọkọ̀ gbéra. Ó ta bí ọfà gba ẹ̀yìn yàrá kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré pariwo, èmi náà pariwo. Mo tẹ búréèkì kó má baà kọ lu ògiri. Ìgbà yẹn ló dún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò síná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo tún ṣí ìwé ìṣirò mi. Mo kọ 12.60 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo dà wọ́n pọ̀. 25.2. Mo wò ó títí. Sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù tó bá kún kì í jẹ́ 3.7. 4.2 ni. 3.7 jẹ́ iye tó máa ń wà ní àárín méjì, nígbà tí bátìrì bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìbéèrè tí ọmọ SS1 yẹn bi mí gan-an nìyẹn. Ẹni tó ta ìjánu fún wa kò parọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò parọ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju 24 lọ, èmi ni mo fún un ní 25.2. Mo pa ìwé dé, mo sùn. Irọ́ ni, mi ò sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí a pe ẹni tó ta á fún wa. A gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ jáde kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn àgbàlagbà ni. Àwọn kan nínú wa pè é ní olè. Ẹnì kan pè é ní oníjìbìtì tó ń jẹ owó ọmọ ilé-ìwé. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ gbé e wá kí n wò ó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sáà gbé e wá." Mo jókòó níwájú fóònù náà. Mo mọ òótọ́, mi ò lanu. Láyé mi, mi ò tíì gbọ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ara mi pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò màmá mi jẹ́ rẹ́wáyà ní Ojóò, níbi tí àwọn tírélà tó ń lọ sí òkè ọya ti máa ń dúró tún iná ṣe. Bọ̀dá Rẹ́wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ìjánu tó jóná náà lọ bá wọn. Kí n sọ òótọ́, mo ń retí pé wọ́n á bá mi rí àṣìṣe mìíràn nínú rẹ̀, èyí tí kì í ṣe tèmi.

Wọ́n yí i padà lọ́wọ́ wọn. "Kí ni wọ́n ní kó gbà?"

"Fóltì 24, Bọ̀dá."

"Bátìrì yín ńkọ́?"

"Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni. 22.2."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Wọ́n kọ ọ́ sí i lára."

Wọn ò fèsì. Tírélà kan wà níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé mítà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ wo bátìrì rẹ̀. Méjì ni, 12 fóltì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n tẹ̀léra bí a ṣe so tiwa. Wọ́n béèrè pé mélòó ni mo rò pé mítà máa kọ. Mo ní 24. Mo fi ẹnu mítà kan orí bátìrì. 28.1 ló kọ.

Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Orúkọ ni 24. Kò sí awakọ̀ tó máa sọ fún ọ pé tírélà 28 lòun ń wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ra gílóòbù tí kò lè gba 28, tí mo bá so ó mọ́ tírélà yìí, kò ní rí alẹ́. Orúkọ kì í jó nǹkan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń jó o. Ìwọ ka ẹ̀fà, o dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Wọ́n fi bíléèdì la rọ́bà tó bo ìjánu náà. Kapásítọ̀ mẹ́rin ló tò síbẹ̀ bí agolo kéékèèké. Ó yẹ kí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí méjì ti wú, ìkẹta ti ya. Wọ́n kọ 25V sí ara wọn. Bọ̀dá bi mí pé, "Nígbà tí o tẹ búréèkì ló bú, àbí?" Ẹnu yà mí, nítorí mi ò tíì sọ ìyẹn fún wọn. Wọ́n ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ oníná bá ń dá eré dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á di bíi ọ́tánétọ̀ inú mọ́tò, á máa ti iná padà sí ibi tí iná ti wá. Fóltì á sì tún fò sókè. 25.2 ti kọjá ààlà tẹ́lẹ̀. Búréèkì ló fi èyí tó kù kún un. Olùkọ́ wa wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wáyà gígùn tí a jó mọ́ ọn dá kún ọ̀rọ̀, nítorí bí wáyà bátìrì bá ṣe gùn tó ni fóltì ṣe máa ń fò sókè sódò níwájú àwọn kapásítọ̀ náà.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Bọ̀dá sọ ìtàn kan fún mi. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, wọ́n so rédíò mọ́tò oní-12 mọ́ tírélà oní-24. Ó jóná lójú ẹsẹ̀. "Mo sọ fún ẹni tó ni ín pé rédíò rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi gbọ́. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ ara mi lọ bá ọkùnrin yẹn, kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú nà mí." Wọ́n wo ojú mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀. Mi ò béèrè.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ wa ti dé. Mo ní kí wọ́n pe ẹgbẹ́ jọ. Mo gbé kapásítọ̀ tó ya náà sórí tábìlì, mo kọ 25.2 sórí pátákó, mo sì ní, "Kò sí féèkì níbẹ̀. Èmi ni mo ṣì í kà. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo sì ti mọ̀, kí a tó pe bàbá yẹn."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Ọmọ SS1 yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sẹ́níọ̀, mo béèrè." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà mo pe ẹni tó tajà fún wa, lórí fóònù tí gbogbo wa ń gbọ́ bíi ti ọjọ́ Ẹtì, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá tún fẹ́ rà, ti ìgbà tó kún ni kí o sọ fún mi, má sọ ti ara páálí."

Nígbà tí mo délé, mo rò fún màmá mi. Wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. O ti ń dàgbà. Wo ẹ̀yìn." Àwọn àti Bọ̀dá jọ ṣètò rẹ̀. Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, mo lọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá ní Ojóò fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦1,000 lóòjọ́. Mo ń bó wáyà, mo ń ti iná ọkọ̀ bọ ibi tó yẹ, mo ń di ṣẹ́ńkẹ́ lé ọwọ́ tí iná ta. Àwọn awakọ̀ á ní, "Ọmọbìnrin rẹ́wáyà, bá wa wo hẹ́ẹ̀dì láìtì yìí." Kí n tó so nǹkankan, mo ti kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n. Mo kó ₦30,000 náà fún ẹgbẹ́. Àwọn tó kù ti ta gúgúrú àti ẹ̀pà níbi ìdíje eré ìdárayá ilé-ìwé, wọ́n sì rí ₦40,000.

Lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ wa ní kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó máa yàn. Ìbéèrè mẹ́fà ni a kọ sórí pátákó, a sì ní kí a fi iye dáhùn èyíkéyìí tó bá ní iye.

Ìkíní: fóltì mélòó ni bátìrì nígbà tó bá kún? 25.2. Nítorí náà, kapásítọ̀ ìjánu gbọ́dọ̀ lè gba 35, kó ní àyè fún ọjọ́ búréèkì.

Ìkejì: áḿpù mélòó ni ẹ́ńjìnnì lè fà? Wọ́n kọ 95 sí ara tiwa. Ìjánu tó bá gba 100 gééré dà bí ẹni tó ru ẹrù tó bá agbára rẹ̀ dọ́gba lọ sí òkè. A fẹ́ 150.

Ìkẹta: ṣé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè gba fóltì yẹn? KV ni wọ́n fi ń kọ iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóltì kan. 1650 ni tiwa. Pẹ̀lú 25.2, ó máa yí ní ìgbà 41,580 ní ìṣẹ́jú kan bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ju 50,000. Ó gbà á.

Ìkẹrin: báwo ni ìjánu ṣe ń bọ́ risífà àti ẹ̀rọ tó ń yí táyà? Fóltì 6 péré ni àwọn yẹn ń fẹ́. Apá kan wà nínú ìjánu tó ń dín fóltì kù fún wọn, BEC ni wọ́n ń pè é. Irú àtijọ́ ń sọ èyí tó ṣẹ́kù di ooru. Bí a bá dín 25.2 kù sí 6, tí áḿpù 2 sì ń kọjá, 38.4 wáàtì ló máa di ooru. Irin tí Bọ̀dá fi ń jó òjé mọ́ wáyà kò ju 40 wáàtì lọ. Nítorí náà, fún fóltì gíga, BEC tó ń ṣí tó ń tì bí ìjánu fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ wá, nítorí ìyẹn kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ìkarùn-ún: ìgbà wo ni ìjánu máa sọ pé ó tó? Bí sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù bá lọ sílẹ̀ ju 3 lọ, ó lè wú, ó sì lè gbiná nígbà tí a bá tún fi iná sí i. A fẹ́ èyí tó máa dá ọkọ̀ dúró nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá ku 3.2, èyí tó jẹ́ 19.2 fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìkẹfà: wáyà àti ẹnu rẹ̀ ńkọ́? A pinnu láti gbé bátìrì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wáyà lè kúrú. Ní fóltì gíga, iná máa ń ta páá nígbà tí a bá ń ki ẹnu wáyà bọ ara wọn, nítorí kapásítọ̀ tí ebi ń pa gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu wáyà kan wà tí wọ́n ń pè ní XT90-S tó ń jẹ́ kí iná kọ́kọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni a yàn.

Lẹ́yìn ìkẹfà, olùkọ́ wa fa ìlà kan, wọ́n sì kọ ọ̀kan sí i: "Ta ló ṣì ní ìbéèrè?" Wọ́n ní a ò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí olúkúlùkù bá sọ tirẹ̀ tàbí kó sọ pé kò sí. Ó pẹ́ kí a tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

₦70,000 kò lè ra tuntun. Ẹni tó tajà fún wa nígbà àkọ́kọ́ ló tún bá wa wá tòkunbọ̀ kan tó gba gbogbo ìdáhùn wa. Èmi àti olùkọ́ wa lọ sí Èkó. Wọ́n jẹ́ kí a dán an wò kí a tó sanwó. Mo yẹ orí kapásítọ̀ wò, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì kọ 35V sí i. A kọ́kọ́ so bátìrì kan ṣoṣo mọ́ ọn, lẹ́yìn náà méjèèjì. Mo wọn ẹnu BEC rẹ̀: 6.0. Àgbàlagbà náà ń wò mí bí mo ṣe ń lo mítà. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Ẹ̀yin wà lára wọn, sà."

Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá pé ní tẹ́ẹ̀mù yìí, mo gbé rìmóòtù fún ọmọkùnrin tó ti wá di ọmọ SS2 báyìí. Màmá mi àti Bọ̀dá Rẹ́wáyà wà lábẹ́ igi, wọ́n ń wò. Ọkọ̀ gbéra, eruku sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé ìpẹ̀kun pápá, ó yí padà, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wò mí. Mo mi orí. Ó tẹ búréèkì. Gbogbo wa mọ́kànlá di ọwọ́ sí etí.

Kò sí ìró kankan. Ọkọ̀ dúró síwájú bàtà mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ìjánu náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abọ́ ẹ̀kọ tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bébà kékeré kan wà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjánu náà. 25.2 ni a kọ sí i, a ò kọ 22.2. Kapásítọ̀ tó ya sì wà nínú páálí ìṣirò mi, láàárín kọ́ńpáàsì àti rúlà. Mo máa ń rí i nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ fa ìlà sí abẹ́ ohun tó dá mi lójú.